Ìwé ìgbélùú fún olùwádìí: tí wọ́n bá gbé méjì síwájú yín, èwo lẹ máa mú?

Tí yunifásítì kan lókè òkun bá ti fún èèyàn níṣẹ́ ìwádìí, inú á dùn, wọ́n á gbé lẹ́tà náà sórí status, ẹbí á máa gbàdúrà, àmọ́ ọ̀rọ̀ pálí tó máa jẹ́ kéèyàn lè dúró níbẹ̀, wọ́n á fi sílẹ̀ fún ọ́fíìsì ilé ìwé, èyí tí ọ́fíìsì bá sì gbé wá náà ni wọ́n á gbà. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ìwé tó tọ́ sí olùwádìí kì í ṣe ẹyọ kan, méjì ni, nígbà míì mẹ́ta, àti pé ọ́fíìsì sábà máa ń mú èyí tó mọ́ wọn lọ́wọ́ ni, èyí tó máa ṣe yín láǹfààní lọ́dún mẹ́ta sígbà tá a wà yìí ò kàn wọ́n, ẹ ò sì lè bá wọn jà sí i, torí kì í ṣe iṣẹ́ wọn.

Ìbéèrè kan ni mo máa ń fi yẹ ìwé kọ̀ọ̀kan wò: lọ́jọ́ tí kọ́ńtíráàtì mi bá parí, kí ni ìwé yìí máa ṣe fún mi? Iṣẹ́ ìwádìí kì í pẹ́ parí, postdoc, ìyẹn iṣẹ́ ìwádìí téèyàn ń ṣe lẹ́yìn PhD, ọlọ́dún méjì ló wọ́pọ̀ jù, ọlọ́dún kan náà wà, owó grant tán, iṣẹ́ tán. Ìwé tó dùn ún gbà lè má dùn ún lò. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá ń béèrè pé ta ló ni ìwé náà gan-an, èmi àbí ọ̀gá mi, ṣé ọkọ tàbí aya lè ṣiṣẹ́, ṣé àwọn ọdún tí mo bá lò níbẹ̀ máa ń kà tí mo bá fẹ́ gba ìwé ìgbélùú títí láé. Owó fíísà ló gbẹ̀yìn, àyàfi ní Ìlú Ọba o, ibẹ̀ yẹn a máa débẹ̀.

Gbogbo iye tí mo kọ síbí, mo kọ ọdún rẹ̀ tì í, torí bí ẹni ń pààrọ̀ aṣọ ni wọ́n ń pààrọ̀ ẹ̀.

Yúróòpù: òfin kan, ojú rẹ̀ pọ̀

Ọdún 2016 ni EU ṣe òfin tó ń jẹ́ Directive 2016/801, tó kó olùwádìí àti akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sójú kan, wọ́n sì fún àwọn orílẹ̀-èdè di oṣù Karùn-ún 2018 láti sọ ọ́ di òfin nílé wọn. Denmark àti Ireland ò sí nínú ẹ̀, kálukú wọn ló ń ṣe tiẹ̀, torí náà tẹ́nì kan bá ní "gbogbo Yúróòpù ló rí bẹ́ẹ̀", ẹ rántí àwọn méjì yìí. Ohun tó gbé ìwé olùwádìí dúró lábẹ́ òfin yìí ni àdéhùn ìgbàlejò, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní hosting agreement, tí ilé ìwé tàbí iléeṣẹ́ ìwádìí máa fọwọ́ sí pẹ̀lú yín: iṣẹ́ wo lẹ fẹ́ ṣe, ọjọ́ wo ló bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ wo ló parí, báwo ni owó ṣe máa wọlé. Tí ìwé yẹn ò bá tíì jáde, ẹ má tíì lọ mú ọjọ́ ìpàdé ní ẹ́ńbásì, ẹ kàn máa lọ jókòó lásán ni.

Ohun tí ẹ rí gbà níbẹ̀ ò kéré. Tí iṣẹ́ bá parí, orílẹ̀-èdè náà gbọ́dọ̀ fún yín ní oṣù mẹ́sàn-án ó kéré tán láti wá iṣẹ́ míì tàbí dá òwò sílẹ̀. Ọkọ tàbí aya yín lè tẹ̀ lé yín, wọ́n sì lè ṣiṣẹ́. Ẹ lè kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ ìwádìí. Tí wọ́n bá ti gba ìwé yín pé, ọjọ́ 90 ni wọ́n ní láti fi dá yín lóhùn, tó bá sì jẹ́ iléeṣẹ́ tí ìjọba ti fọwọ́ sí ló gbà yín, ọjọ́ 60. Èyí tí àwọn èèyàn kì í sábà lò ni ti ìrìn àjò: pẹ̀lú káàdì olùwádìí yẹn, ẹ lè lọ ṣe ìwádìí ní orílẹ̀-èdè EU míì tó wà lábẹ́ òfin náà fún ọjọ́ 180 láàárín ọjọ́ 360. Ẹ má pa á pọ̀ mọ́ ọjọ́ 90 láàárín 180 tí káàdì ìgbélùú lásán máa ń fúnni ní Schengen o. Tọjọ́ 90 yẹn, ẹ wá kí ẹ̀gbọ́n yín ni, ẹ ò gbọ́dọ̀ wọ yàrá ìwádìí lọ ṣiṣẹ́. Ti 180 yìí, iṣẹ́ gan-an lẹ ń lọ ṣe. Àwọn orílẹ̀-èdè kan ṣáà máa ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi tó wọn létí, bí àpẹẹrẹ tẹ́ ẹ bá ní káàdì Faransé tẹ́ ẹ fẹ́ lọ lo oṣù mẹ́rin ní yàrá ìwádìí kan ní Jámánì, iléeṣẹ́ tó fẹ́ gbà yín lálejò ní Jámánì ló máa kọ̀wé sí BAMF, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àjèjì níbẹ̀.

Jámánì: 18d àbí Blue Card

Ibí ni àríyànjiyàn pọ̀ sí jù, torí ìwé méjèèjì ló dáa.

18d ni ìwé olùwádìí, nọ́ńbà abala òfin tó wà nínú òfin ìgbélùú wọn ni wọ́n fi ń pè é. Blue Card, tó wà ní 18g láti oṣù Kọkànlá 2023, ti òṣìṣẹ́ tó kàwé gidi ni, ó sì fẹ́ kọ́ńtíráàtì iṣẹ́ tó ní owó oṣù tó pé iye kan: yúrò 48,300 lọ́dún fún 2025, yúrò 50,700 fún 2026. Ó ní ẹ̀dínwó fún iṣẹ́ tí wọ́n ń wá èèyàn sí àti fún ẹni tí kò tíì ju ọdún mẹ́ta lọ tó jáde ilé ìwé, yúrò 43,759.80 ní 2025, 45,934.20 ní 2026. Postdoc tó ń gba E13, ìpele owó oṣù tí yunifásítì ibẹ̀ fi ń san olùwádìí, lódindi máa kọjá ibẹ̀ láìsí wàhálà. Ẹni tó ń ṣe PhD tí wọ́n fún ní ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ náà, bí wọ́n ṣe sábà máa ń ṣe, kò ní kọjá, kí onítọ̀hún má wulẹ̀ yọ ara ẹ̀ lẹ́nu, 18d ni kó gbà.

| | 18d | Blue Card |
|---|---|---|
| Owó | kò sí iye kan pàtó, kó ṣáà tó jẹ. Stipend (owó ìrànwọ́ tí kì í ṣe owó oṣù) náà ń gbà | iye wà, kọ́ńtíráàtì iṣẹ́ ni dandan |
| Ìgbélùú títí láé | ọdún 3, èdè Jámánì B1 (ìpele àárín) | oṣù 27 pẹ̀lú A1 (ìpele ìbẹ̀rẹ̀), oṣù 21 pẹ̀lú B1 |
| Tẹ́ ẹ bá jáde nílùú | oṣù 6, àfi tẹ́ ẹ bá gba àṣẹ ṣáájú | oṣù 12 |
| Ìwádìí ní EU míì | ọjọ́ 180 láàárín 360 | kò ní irú èyí |
| Ọkọ tàbí aya | ń ṣiṣẹ́, kò sí ìdánwò èdè kó tó wá | bákan náà |

Ẹ wo ìlà kẹta yẹn dáadáa tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ yín gba kẹ́ ẹ lọ kó dátà níta. Ẹni tó ń ṣe ìmọ̀ ẹ̀dá tàbí ìmọ̀ ilẹ̀, tó máa lọ lo oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn òkun, tó sì di 18d mú láì gba àṣẹ tẹ́lẹ̀, ìwé ẹ̀ lè kú sọ́nà kó tó padà dé. Mo mọ ẹnì kan tó jẹ́ pé ó ku díẹ̀, ọpẹ́lọpẹ́ ọ̀gá ẹ̀ tó rán an létí kó tó lọ.

Nǹkan tí ẹnikẹ́ni kì í sọ fún yín lórí 18d ni ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì. Tẹ́ ẹ bá wà lórí stipend, ẹ ò san owó ìfẹ̀yìntì, torí stipend kì í ṣe owó oṣù. Kẹ́ ẹ tó gba ìwé ìgbélùú títí láé lọ́dún mẹ́ta, wọ́n máa béèrè oṣù 36 tẹ́ ẹ ti fi san owó yẹn. Nítorí náà ẹni tó lo ọdún mẹ́ta lórí stipend, ọdún ẹ̀ pé lórí káàdì, àmọ́ kò pé níbi tí wọ́n ti ń kà á. Stipend lè wuyì lóṣù torí owó orí kì í bá a jà tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti mọ̀ pé Jámánì lẹ fẹ́ gbé, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sọ ọ́ di kọ́ńtíráàtì, kódà tí iye tó ń wọlé bá dín díẹ̀.

Tí iṣẹ́ bá parí ńkọ́? 18d ní oṣù mẹ́sàn-án tá a sọ. Blue Card, òfin EU ní kí wọ́n má gbà á lọ́wọ́ ẹni tó wà láìníṣẹ́ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta, tẹ́ ẹ bá sì ti ní in tó ọdún méjì, oṣù mẹ́fà. Tèmi o: ẹni tó ń gba E13 lódindi, tó fẹ́ pẹ́ ní Jámánì, kó mú Blue Card. Ẹni tó mọ̀ pé òun máa máa lọ láti yàrá ìwádìí kan sí èkejì káàkiri Yúróòpù, 18d.

Kẹ́ ẹ tún rántí pé èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú, kí káàdì tó parí ni kẹ́ ẹ ti béèrè fún ìsọdọ̀tun. Tẹ́ ẹ bá béèrè ṣáájú, òfin kà á sí pé ìwé àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́ títí wọ́n á fi dáhùn, wọ́n sì máa fún yín ní pépà kan tó ń jẹ́ Fiktionsbescheinigung, orúkọ tó gùn ju pépà náà fúnra ẹ̀ lọ.

Faransé àti Nẹ́dálándì

Ti Faransé rọrùn láti ṣàlàyé. Káàdì tó ń jẹ́ talent – chercheur ni, passeport talent ni wọ́n ń pè é láti 2016 kí wọ́n tó gé orúkọ ẹ̀ kúrú ní 2025. Ó lè tó ọdún mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹni tó ń ṣe PhD lórí kọ́ńtíráàtì lè máà fojú kan ọ́fíìsì ìjọba títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ẹni tó bá ti tò síbẹ̀ rí mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Master's ni wọ́n ń béèrè, àti convention d'accueil, tó jẹ́ hosting agreement lédè wọn. Ọkọ tàbí aya máa gba talent – famille, ó sì ń ṣiṣẹ́ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èdè ló le níbẹ̀: láti oṣù Kínní 2026, B1 ni wọ́n ń fẹ́ kéèyàn tó gba káàdì ọlọ́dún mẹ́wàá, B2 fún ẹni tó fẹ́ di ọmọ ìlú. Nínú yàrá ìwádìí tí gbogbo wọn ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún mẹ́rin lè kọjá lórí èèyàn kí Faransé má sì ju bonjour lọ lẹ́nu ẹ̀.

Nẹ́dálándì, méjì ni wọ́n máa gbé síwájú yín: ìwé olùwádìí ti EU yẹn, àti kennismigrant, ti òṣìṣẹ́ ọlọ́pọlọ. Kennismigrant máa ń bèèrè owó oṣù tó ga, yúrò 5,688 lóṣù ní 2025 fún ẹni tó ti pé ọgbọ̀n ọdún, 4,171 fún ẹni tí kò tíì pé bẹ́ẹ̀, àmọ́ wọ́n yọ olùwádìí sáyẹ́ǹsì sílẹ̀ nínú iye yẹn, àwọn èèyàn kì í mọ̀, wọ́n á rí nọ́ńbà náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á sì rò pé àwọn ò lè gbà á. Méjèèjì ń fẹ́ kí ilé ìwé jẹ́ èyí tí IND, àjọ ìgbélùú wọn, ti mọ̀. Ọkọ tàbí aya ń ṣiṣẹ́ lórí méjèèjì. Tẹ́ ẹ bá máa rìn káàkiri EU, ẹ mú ti olùwádìí. Tẹ́ ẹ bá rò pé ẹ lè fi yunifásítì sílẹ̀ lọ bá kọ́ńpìnnì, kennismigrant, torí ẹ kàn máa pààrọ̀ ọ̀gá lórí ìwé kan náà ni, àmọ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé nígbà tẹ́ ẹ bá dé kọ́ńpìnnì, iye owó oṣù yẹn á wá kàn yín. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, ọdún kan tí wọ́n ń pè ní zoekjaar wà fún ẹni tó ṣe ìwádìí níbẹ̀ tó fẹ́ wá iṣẹ́, ẹ sì lè béèrè fún un títí ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tẹ́ ẹ parí.

Ìlú Ọba: Global Talent àbí Skilled Worker

Tí mo bá ní kí n sọ èyí tí àwọn olùwádìí máa ń ṣì mú jù láyé yìí, ibí ni. Ilé ìwé fún wọn ní Certificate of Sponsorship, ìwé onígbọ̀wọ́, fún Skilled Worker, wọ́n gbà á, wọ́n ṣe tán, ọdún kan lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá gbọ́ pé Global Talent ló yẹ káwọn ti béèrè.

Ẹ wo ìyàtọ̀ ẹ̀. Skilled Worker, ọ̀gá ló ni ìwé. Tí iṣẹ́ bá bọ́, ọjọ́ 60 ni wọ́n sábà máa ń fún yín láti rí ẹlòmíì tó máa gbà yín tàbí kẹ́ ẹ kẹ́rù. Ó ní owó oṣù tó gbọ́dọ̀ pé, £41,700 lọ́dún láti ọjọ́ 22 oṣù Keje 2025, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ní PhD tó bá iṣẹ́ náà mu àti postdoc ní ẹ̀dínwó. Ọdún márùn-ún ló ti ń jẹ́ kéèyàn tó béèrè fún ìgbélùú títí láé, ìjọba sì sọ nínú ìwé ètò tí wọ́n gbé jáde lóṣù Karùn-ún 2025 pé àwọn fẹ́ sọ ọ́ di mẹ́wàá fún ọ̀pọ̀ èèyàn.

Global Talent, tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù Kejì 2020, ẹ̀yin lẹ ni ìwé yín. Ẹ lè pààrọ̀ ọ̀gá, ẹ lè ní ọ̀gá méjì, ẹ lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ òmíì lọ́jọ́ Túsìdeè, ẹ ò kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin lẹ máa sọ iye ọdún tẹ́ ẹ fẹ́, láti ọ̀kan dé márùn-ún. Ọdún mẹ́ta ni olùwádìí fi ń dé ìgbélùú títí láé, àti pé àkókò tẹ́ ẹ bá lò níta nítorí ìwádìí, wọn ò kà á mọ́ ọjọ́ 180 tí òfin gbà kéèyàn fi jáde lọ́dún. Fún ẹni tó ń lọ kó dátà níta, èyí nìkan tó nǹkan.

Kí ló wá dé tí gbogbo èèyàn ò fi gbà á? Orúkọ ẹ̀ ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Wọ́n gbọ́ "Global Talent", wọ́n rò pé ti ẹni tó gba Nobel ni. Lóòótọ́, ẹni tó bá gba Nobel ò nílò ẹnikẹ́ni láti jẹ́rìí sí i, ó kàn máa gba fíísà ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà mẹ́rin míì wà fún àwa yòókù. Tí yunifásítì bá fún yín ní ipò tó gba olórí iṣẹ́ ìwádìí, Royal Society, British Academy tàbí Royal Academy of Engineering lè fọwọ́ sí i kíákíá. Tẹ́ ẹ bá gba fellowship tó wà nínú lístì wọn, bẹ́ẹ̀ náà. Tó bá jẹ́ pé owó grant tó tó £30,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, látọ̀dọ̀ àjọ tí UKRI (àjọ ìjọba tó ń pín owó ìwádìí níbẹ̀) fọwọ́ sí, ni wọ́n fi gbà yín síṣẹ́, UKRI gan-an ló máa jẹ́rìí, ọ̀nà yìí sì ni ọ̀pọ̀ postdoc lásán lè gbà láì mọ̀. Ọ̀nà kẹrin ni kẹ́ ẹ kó gbogbo iṣẹ́ yín sílẹ̀ kí wọ́n fúnra wọn yẹ̀ ẹ́ wò, ìyẹn ló pẹ́ jù.

Owó wá ńkọ́, torí mo ti ṣèlérí. Fíísà Global Talent fúnra ẹ̀ £766 ni ní oṣù Kẹrin 2025. Owó ìlera tí wọ́n ń pè ní IHS ló ń ṣíni lójú: £1,035 lọ́dún fún àgbàlagbà láti oṣù Kejì 2024, £776 fún ọmọdé, gbogbo ọdún tẹ́ ẹ bá béèrè fún lẹ máa san pọ̀ lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ tó gba fíísà. Tọkọtaya tó béèrè fún ọdún mẹ́ta máa san £6,210 fún IHS nìkan, ká má tíì sọ ti ọmọ. Ìwé méjèèjì ló ń san IHS, kò sí èyí tó yọ síta, nítorí náà ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé ìwé kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí kọ́ńtíráàtì bóyá wọ́n máa dá a padà fún yín, àwọn míì máa ń dá a padà, àwọn míì máa ń yá èèyàn. Torí IHS náà ni mo ṣe máa ń sọ pé kí ẹni tó gba Global Talent má kọ́kọ́ béèrè fún márùn-ún, mẹ́ta ti tó, torí mẹ́ta náà lẹ nílò.

Amẹ́ríkà: J-1, H-1B, O-1

Amẹ́ríkà ò ní ìwé kan tó jẹ́ ti olùwádìí gan-an. Fíísà ni wọ́n ní, yunifásítì á sì mú J-1 fún yín níbi tó bá ti ṣeé ṣe, torí àwọn fúnra wọn ló ń tẹ DS-2019, ìwé tẹ́ ẹ máa fi béèrè fíísà náà, wọn ò ní láti dúró de ìjọba.

J-1 tí wọ́n ń pè ní Research Scholar lè tó ọdún márùn-ún. Aya tàbí ọkọ máa gba J-2, ó sì lè béèrè fún ìwé iṣẹ́. Ìyẹn dáa. Ìdẹkùn ẹ̀ méjì ni. Ìkíní, àwọn kan wà tí òfin ní kí wọ́n padà sílé lọ lo ọdún méjì kí wọ́n tó lè gba H-1B tàbí green card, pàápàá tó bá jẹ́ owó ìjọba ló gbé wọn wá tàbí iṣẹ́ wọn wà nínú lístì tí wọ́n ṣe fún orílẹ̀-èdè wọn. Wọ́n tún lístì yẹn ṣe ní oṣù Kejìlá 2024, wọ́n sì yọ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kúrò nínú ẹ̀, torí náà ohun tí ẹ̀gbọ́n yín tó lọ ní 2019 sọ fún yín lè má bá tiyín mu mọ́. Ìkejì ni àwọn èèyàn kì í rí títí tó fi dì wọ́n mú: bí ètò Research Scholar yín bá ti parí, bó jẹ́ oṣù mẹ́jọ péré lẹ lò nínú ọdún márùn-ún, ẹ ò lè padà wá lórí irú J-1 yẹn fún oṣù 24. Ẹni tó fẹ́ wá lo oṣù mẹ́ta péré, tí wọ́n wá fún ní Research Scholar, ti fi ọdún márùn-ún ra oṣù mẹ́ta. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní Short-Term Scholar, oṣù mẹ́fà ni òpin ẹ̀, wọn kì í fi kún un, àmọ́ kò mú oṣù 24 yẹn dání.

H-1B gùn tó ọdún mẹ́fà, mẹ́ta mẹ́ta, yunifásítì ò sì sí nínú lọ́tìrì tí àwọn kọ́ńpìnnì ń ta, ìgbàkígbà nínú ọdún ni wọ́n lè béèrè. Ẹ lè máa wá green card lórí ẹ̀ láì sí pé ẹnikẹ́ni máa sọ pé ẹ parọ́ nípa èrò yín. Àmọ́ aya tàbí ọkọ tó wà lórí H-4 kò lè ṣiṣẹ́ títí dìgbà tí ètò green card yín bá ti dé ibi tí wọ́n ti fọwọ́ sí I-140, ìwé ìbéèrè tó ṣáájú green card. Tí iṣẹ́ bá bọ́, ọjọ́ 60. Lóṣù Kẹsàn-án 2025, Ààrẹ Trump fọwọ́ sí ìkéde pé ẹni tó wà lẹ́yìn odi tí wọ́n bá béèrè H-1B tuntun fún, wọ́n máa san ọ̀kẹ́ márùn-ún dọ́là, $100,000, wọn ò sì yọ yunifásítì sílẹ̀. Ẹ rò ó wò, yunifásítì wo ló máa san ìyẹn lórí postdoc? Ìdí nìyẹn tí J-1 fi tún padà di ọ̀nà kan ṣoṣo fún ọ̀pọ̀ èèyàn, yálà wọ́n fẹ́ tàbí wọn ò fẹ́, àmọ́ ẹni tó ti wà nínú ìlú lórí ìwé míì, kó bi ọ́fíìsì ilé ìwé bóyá ó lè yí padà síbẹ̀ láì jáde.

O-1 jẹ́ ti ẹni tó ti lórúkọ, ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa fi ọdún kọ̀ọ̀kan kún un. Ó gba lẹ́tà látọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ pírófẹ́sọ̀, ó gba lọ́yà, aya tàbí ọkọ tó bá wà lórí O-3 kò sì lè ṣiṣẹ́ rárá. Ẹni tó bá ní ẹbí lẹ́yìn, kó ro èyí dáadáa kí orúkọ ńlá tó gbé e lọ.

Jàpáánù, àti Kánádà díẹ̀

Jàpáánù ní ìwé kan tó ń jẹ́ Professor fún àwọn tó wà ní yunifásítì, àti Highly Skilled Professional tí wọ́n fi pọ́ìntì kà. PhD nìkan ti fún yín ní 30 nínú 70 tẹ́ ẹ nílò, ọjọ́ orí, owó oṣù, ìwé tẹ́ ẹ ti kọ àti èdè ni yóò parí ẹ̀. Ẹni tó ní 70 lè béèrè ìgbélùú títí láé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ẹni tó ní 80 lẹ́yìn ọdún kan, nígbà tí ọ̀nà lásán gba ọdún mẹ́wàá. Ọdún kan! Kò sí ibòmíì nínú gbogbo ohun tí mo kọ yìí tó yá tó bẹ́ẹ̀. Aya tàbí ọkọ onípọ́ìntì lè ṣiṣẹ́ kíkún, ti Professor wákàtí 28 lọ́sẹ̀ ni, kó tún gba àṣẹ. Ibi tó ti lè pani lára ni pé onípọ́ìntì so mọ́ iléeṣẹ́ tó wà lórí ìwé ẹ̀, tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ yunifásítì ẹ máa béèrè lákọ̀tun, nígbà tó jẹ́ pé Professor kàn máa fi tó wọn létí láàárín ọjọ́ 14.

Kánádà, ẹni tó fẹ́ lọ fún ìgbà kúkurú ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀: olùwádìí tí yunifásítì tó ń gba owó ìjọba pè lè ṣiṣẹ́ ọjọ́ 120 lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù 12 láì gba ìwé iṣẹ́ rárá. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ máa gba ìwé iṣẹ́ tó so mọ́ ọ̀gá kan, aya tàbí ọkọ sì lè gba èyí tí kò so mọ́ ẹnikẹ́ni, tí ìwé iṣẹ́ yín bá kún ojú òṣùwọ̀n.

Ta ló máa mú èwo

Ẹni tó ní ọkọ tàbí aya tó níṣẹ́ tiẹ̀ tí kò fẹ́ kó jókòó sílé, kó fi H-1B àti O-1 sí ìsàlẹ̀ lístì, kó wo Faransé, Jámánì, Nẹ́dálándì àti Ìlú Ọba ṣáájú. Mo ti rí ilé tó tú torí èyí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, ẹni tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ tẹ̀ lé yín ò ní fi ọdún mẹ́ta wo tẹlifíṣọ̀n kí inú ẹ̀ ṣì máa dùn.

Ẹni tí kọ́ńtíráàtì ẹ̀ jẹ́ ọdún kan péré, kó lọ síbi tí wọ́n ti fún un láyè lẹ́yìn iṣẹ́, ìyẹn oṣù mẹ́sàn-án ti EU tàbí zoekjaar, kó má lọ síbi tó jẹ́ ọjọ́ 60. Ẹni tó ní ju méjì lọ tó sì fẹ́ fìdí múlẹ̀ kíákíá, Jàpáánù tí pọ́ìntì bá pé 80, Blue Card ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Global Talent. Ẹni tó jẹ́ pé ọ̀gá yàrá ìwádìí yẹn nìkan ló fẹ́ bá ṣiṣẹ́, tí ìlú ò jọ ọ́ lójú, tó máa padà tó bá ṣe tán, kò sí ohun tó burú nínú J-1, kó ṣáà mọ irú èyí tí wọ́n ń fún un.

Kẹ́ ẹ tó dáhùn "mo gbà" fún ọ̀gá tuntun, ẹ kọ ìmeèlì kan sí ọ́fíìsì wọn, ẹ má fi sínú ìpè, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ìwé wo lẹ fẹ́ béèrè fún mi, ṣé mo lè gba èkejì dípò ẹ̀, kọ́ńtíráàtì ni àbí stipend, ta ló máa san owó fíísà àti ti ìlera, ọjọ́ wo lẹ máa fọwọ́ sí hosting agreement. Tí wọ́n bá dáhùn pé "èyí la máa ń fún gbogbo èèyàn", ẹ tún béèrè lẹ́ẹ̀kejì, kẹ́ ẹ sì fi orúkọ ìwé tẹ́ ẹ fẹ́ gan-an síbẹ̀. Nígbà tí mo ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì tí mo ń rìnrìn àjò, ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi dá mi lóhùn, obìnrin tó kọ ọ́ ní òun ò mọ̀ pé mo lè gba èyí tí mo béèrè, ó ní òun lọ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá òun, ó sì ti ṣe é.